Òjíṣẹ́ Ọlọ́ràá àti Ìdẹ̀ Ọ̀nà Èémí: Ìdí tí Oògùn Orí Fífọ́ fi Lè Kan Àyà

1. Ìfáàrà

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ tí kò mọ kòmóòkun. Nínú ẹ̀kọ́ fònẹ́tíìkì ni a ti kọ́kọ́ ń pàdé rẹ̀: ẹ̀dọ̀fóóró ni orísun èémí, èémí a gba ẹ̀ka kòmóòkun, a bọ́ sínú kòmóòkun fúnra rẹ̀, a sì gba gògóńgò kọjá, níbi tí tán-án-ná ti ń sọ ọ́ di ohùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa a ya àwòrán rẹ̀, wọn a kọ orúkọ sí i lára, wọn a sì gba máàkì. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí, ńṣe ni kòmóòkun àti ẹ̀ka rẹ̀ dà bí páìpù omi lásán, òkú ọ̀nà tí èémí kàn ń gbà kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀nà èémí wà láàyè. Ó lè fẹ̀, ó sì lè fún, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ péré.

Ní agbègbè Ọ̀tọ̀ tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ èémí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni èéfín lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n ń sun ní Oko-Bàbá létí ọ̀sà ti ń bá afẹ́fẹ́ wọ Èbúté-Mẹ́ta. Èéfín ẹja yíyan láti Màkòkò a pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ti jẹnẹrétọ̀ a gba ojú fèrèsé wọlé. Bí ọyẹ́ bá wá dé, eruku a bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ọ̀nà èémí rẹ̀ kò fara mọ́ nǹkan wọ̀nyí yóò mọ̀ ọ́n lára.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ ṣe àyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n wà lẹ́nu ìdánrawò ìkọ́ni. Mo wà nínú yàrá àwọn olùkọ́ ní ilé ìwé kan nígbà tí ọ̀kan nínú wọn sọ pé orí ń fọ́ òun. Ẹnì kan mú asipirín méjì fún un láti inú dúrọ́ọ̀ tábìlì. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí. Ẹnì kan ní eruku ṣọ́ọ̀kì ni. Ẹlòmíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ọpẹ́lọpẹ́ ínhélà tí ó wà nínú báàgì rẹ̀, àti ọkọ̀ tí a tètè rí. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, oògùn orí ni mo lò. Kí ni ó kan àyà?”

Ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo ń kọ́ni; n kì í ṣe oníṣègùn. N kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìdáhùn tí mo wá kiri lẹ́yìn ọjọ́ náà ni mo gbé kalẹ̀ síhìn-ín.

2. Nípa àwọn ọ̀rọ̀ tí a lò

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó yẹ kí a tú palẹ̀ kí a tó tẹ̀ síwájú. Èkíní ni ikọ́ fée. Àrùn yìí ni ó máa ń mú kí ọ̀nà èémí wú, kí ó sì máa fún lóòrèkóòrè. Kì í ranni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pè é mọ́ ikọ́ ife, èyí tí kòkòrò àìfojúrí ń fà, tí ó sì ń ranni. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n dá jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì nítorí àṣìpè yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà lásán ni, nígbà náà.

Èkejì ni iṣan. Ọ̀rọ̀ yìí ru ẹrù púpọ̀ jù. Òun ni a fi ń pe ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, òun ni a fi ń pe ohun tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọpọlọ, òun náà ni a tún fi ń pe ẹran ara tí ń fún tí ó sì ń dẹ̀. Ìtumọ̀ ìkẹyìn yìí ni a ní lọ́kàn nínú iṣẹ́ yìí, àyàfi ibi tí a bá ti sọ pé ó yàtọ̀. Iṣan apá a máa gbọ́ràn sí wa lẹ́nu. Bí a bá ní kí ó gbé korobá omi, yóò gbé e. Ṣùgbọ́n iṣan tí ó yí ọ̀nà èémí, ìfun àti ilé ọmọ ká kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A ó máa pe ìyẹn ní iṣan ọ̀bọ̀rọ́, nítorí pé kò ní ilà wínníwínní tí a ń rí lára iṣan apá bí a bá fi awò amúǹkantóbi wò ó. Kò sí ẹni tí ó lè fi ìfẹ́ inú rẹ̀ dẹ iṣan ọ̀nà èémí rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi tó láti máa sọ fún ọmọ tí ikọ́ fée gbé pé kí ó ṣe ọkàn akin.

Ẹ̀kẹta ni òjíṣẹ́ ọlọ́ràá. Èmi ni mo fi orúkọ yìí pe àwọn èròjà kéékèèké tí sẹ́ẹ̀lì ń fi ọ̀rá inú awọ rẹ̀ ṣe, tí ó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì tí ó múlé gbè é. Wọn kì í rin ọ̀nà jíjìn bíi hòmóònù, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í pẹ́ láyé. Àdúgbò ni iṣẹ́ wọn mọ. Bí ẹlòmíràn bá ní orúkọ tí ó sàn jù, a ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

3. Bí iṣan ọ̀nà èémí ṣe ń fún àti bí ó ṣe ń dẹ̀

Kòmóòkun a máa pín sí méjì, àwọn méjì náà a tún pín, títí di nǹkan bí ìgbà 23, kí èémí tó dé inú àwọn àpò wínníwínní tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba ọ́síjìn. Àwọn ẹ̀ka ńláńlá ní kerekere tí kò jẹ́ kí wọ́n pa dé. Àwọn ẹ̀ka tí ó kéré jù kò ní in. Iṣan ọ̀bọ̀rọ́ nìkan ni ó dì wọ́n lámùrè, bí ó bá sì fún, kò sí ohun tí yóò dá a dúró. Ìṣirò kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì fi han ọmọ: nínú ihò tí ó ṣe roboto, bí fífẹ̀ rẹ̀ bá dín sí ìdajì, ìṣòro àtigba ibẹ̀ kọjá kò di ìlọ́po méjì, ìlọ́po 16 ni yóò dà. Nítorí náà, ìfúnpọ̀ díẹ̀ tó láti sọ èémí di iṣẹ́ àṣelàágùn.

Kálísíọ́mù ni ó ń mú kí iṣan yìí fún. Nígbà tí òjíṣẹ́ kan bá kan ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì iṣan, kálísíọ́mù a pọ̀ nínú rẹ̀, a so mọ́ purotéènì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ calmodulin, àwọn méjèèjì a sì jí ẹ́ńsáìmù kan tí ń lẹ fọ́síféètì mọ́ myosin. Myosin tí ó ti gba fọ́síféètì a di actin mú, a sì fà á. Ìfúnpọ̀ dé nìyẹn.

Ìdẹ̀ ńkọ́? Ìwé púpọ̀ ń kọ ọ́ bí ẹni pé kò ju kí ìfúnpọ̀ dáwọ́ dúró lọ, bí okùn tí a jù sílẹ̀. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà. Iṣẹ́ ni ìdẹ̀ jẹ́, ó sì ní àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀. Òjíṣẹ́ tí ó fẹ́ dẹ iṣan yóò kan ilẹ̀kùn mìíràn lára sẹ́ẹ̀lì kan náà; èyí yóò mú kí èròjà kan tí a ń pè ní cAMP pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì; cAMP yóò jí ẹ́ńsáìmù tirẹ̀, tí yóò lé kálísíọ́mù padà sí ibi ìpamọ́ rẹ̀, tí yóò ṣí ẹnu ọ̀nà fún pòtásíọ́mù láti jáde, tí yóò sì rọ ọwọ́ ẹ́ńsáìmù tí ń fún myosin ní fọ́síféètì. Bí kò bá sí ẹni tí ń rán iṣẹ́ ìdẹ̀ yìí déédéé, ìfúnpọ̀ díẹ̀ lè di wàhálà ńlá.

Salbutamol, oògùn inú ínhélà aláwọ̀ ojú ọ̀run tí gbogbo wa mọ̀, ń gba ọ̀nà cAMP yìí ṣiṣẹ́. Àmọ́ ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó ṣe ínhélà ni ara ti ní òjíṣẹ́ adẹ̀ṣan tirẹ̀. Ọ̀rá ni ó fi ń ṣe é.

4. Láti inú ọ̀rá

Ọ̀rá ni awọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì wa. Lára rẹ̀ ni arachidonic acid wà, tí ó ní kábọ́ọ̀nù 20. Jẹ́jẹ́ ni ó ń jókòó síbẹ̀ títí eruku, àìsàn tàbí ọgbẹ́ yóò fi kan sẹ́ẹ̀lì. Nígbà náà ni ẹ́ńsáìmù kan tí ó ń jẹ́ phospholipase A2 yóò gé e kúrò lára awọ. Láti ibẹ̀, ọ̀nà méjì pàtàkì ni ó lè gbà. Ẹ́ńsáìmù cyclooxygenase lè sọ ọ́ di ìdílé prostaglandin, tàbí kí ẹ́ńsáìmù 5-lipoxygenase sọ ọ́ di ìdílé leukotriene.

Yorùbá mọ̀ pé ara ẹyìn kan náà ni epo àti àdín ti ń jáde. Epo ni wọ́n fi ń tu Èṣù lójú. Àdín ni èèwọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ arachidonic acid rí. Lára ohun tí ó ń jáde láti inú rẹ̀ ni prostaglandin E2, tí ń dẹ ọ̀nà èémí. Lára rẹ̀ náà ni leukotriene C4, D4 àti E4, tí ń fún un pa. Agbára àwọn leukotriene wọ̀nyí láti fún ọ̀nà èémí tó nǹkan bí ìlọ́po 1,000 ti histamine. Kì í ṣe gbogbo prostaglandin ni ó jẹ́ epo, o: D2 àti F2-alpha, pẹ̀lú thromboxane A2 tí ó jẹ́ ìbátan wọn, afúnṣan ni wọ́n. Àwọn olùwádìí kan ní Sweden fi hàn ní ọdún 1973 pé ọ̀nà èémí oníkọ́ fée ń fèsì sí F2-alpha ní nǹkan bí ìlọ́po 8,000 ti ẹni tí ara rẹ̀ dá.

Ọ̀nà tí a gbà mọ nǹkan wọ̀nyí gùn. Ulf von Euler ní Sweden ni ó fún prostaglandin lórúkọ ní ọdún 1935, nítorí ó rò pé ara ẹ̀yà prostate àwọn ọkùnrin ni ó ti ń wá. Orúkọ náà kò bá a mu, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọn lára. Ní ọdún 1964, I. H. M. Main kọ̀wé láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé prostaglandin ń dẹ iṣan kòmóòkun tí a yọ láti ara ẹranko. Ní ọdún 1969, M. F. Cuthbert jẹ́ kí àwọn oníkọ́ fée tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn fa prostaglandin E1 símú, ó sì rí i pé ọ̀nà èémí wọn ṣí bí ìgbà tí wọ́n lo isoprenaline, ọ̀kan lára oògùn ikọ́ fée ìgbà náà. Ní ọdún 1971 ni John Vane ṣàlàyé bí asipirín ṣe ń ṣiṣẹ́: cyclooxygenase ni ó ń dí lọ́wọ́. Ní ti leukotriene, Kellaway àti Trethewie ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní Ọsirélíà láti ọdún 1940 láìmọ ohun tí ó jẹ́. Ó di ọdún 1979 kí Bengt Samuelsson tó rí ìdí rẹ̀, tí ó sì fún un ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí. Samuelsson, Vane àti Sune Bergström ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 1982.

5. Ìdáhùn sí ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ náà

Ẹ jẹ́ kí a padà sí yàrá àwọn olùkọ́. Asipirín kò mọ orí yàtọ̀ sí àyà. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé e dé ni ó ti ń dí cyclooxygenase. Ní orí, èyí a mú kí prostaglandin tí ń jẹ́ kí ìrora le dínkù, ara a sì tu ẹni tí ó lò ó. Ṣùgbọ́n ní àyà, prostaglandin E2 tí ń dẹ iṣan náà yóò dínkù. Iṣẹ́ méjì ni prostaglandin E2 ń ṣe níbẹ̀: ó ń dẹ iṣan, ó sì ń fa ìjánu 5-lipoxygenase nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì agbóguntàrùn kí leukotriene má baà pọ̀ jù. Bí ó bá dínkù, ìjánu já. Adẹ̀ṣan ti lọ, afúnṣan sì ń ya wọlé.

Ọ̀pọ̀ jù lọ ènìyàn ni ó ń lo asipirín láìrí ewu kankan, nítorí pé ọ̀nà èémí wọn kò gbé ara lé ìjánu yìí tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú 100 àgbàlagbà oníkọ́ fée, àwọn bíi méje ni ó wà tí leukotriene wọn ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, tí prostaglandin E2 wọn kò sì tó nǹkan. Fún wọn, wóró asipirín kan lè tó. Fernand Widal àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàkíyèsí irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé láti ọdún 1922, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí ẹnikẹ́ni tó lè sọ ìdí rẹ̀. Imú wọn a máa dí, ẹran rírọ̀ a máa hù nínú rẹ̀, wọn kì í sì í gbọ́ òórùn dáadáa. Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ náà léèrè. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun kò ti gbọ́ òórùn ọbẹ̀ mọ́. Ó rò pé ọ̀fìnkìn ni.

Kì í ṣe asipirín nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ibuprofen àti diclofenac ń dí ẹ́ńsáìmù kan náà. Parasítámọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n tí ó tọ́ kì í sábà fa irú ewu yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n púpọ̀ lè da àwọn díẹ̀ láàmú. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni àwọn oògùn àpapọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ láti Oyíǹgbò dé Mushin, tí wọ́n so mọ́ ọ̀rá láìkọ orúkọ ohun tí ó wà nínú wọn. Ẹni tí ó ń rà á kò mọ̀ bóyá asipirín wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń tà á kò sì mọ̀.

6. Èé ṣe tí a kò fi ṣe prostaglandin E2 ní oògùn?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní làákàyè yóò béèrè èyí, àwọn olùwádìí náà sì ti béèrè rẹ̀. Ní ọdún 1993, Ian Pavord àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí oníkọ́ fée bá fa prostaglandin E2 símú ṣáájú, ohun tí ara rẹ̀ kò fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ fún ọ̀nà èémí rẹ̀ mọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó ń mú ikọ́ wá. Òjíṣẹ́ kan ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn mẹ́rin ni ó ń kàn, láti EP1 dé EP4. Bí ó bá kan EP3 lára iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára, ikọ́ ni yóò dáhùn. Bí ó bá kan EP4 lára iṣan ọ̀bọ̀rọ́ ti ènìyàn, ìdẹ̀ ni.

Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2011 ni ó fìdí ti EP4 múlẹ̀, ó sì kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Nínú eku ilé àti ọ̀bọ, EP2 ni ó ń dẹ kòmóòkun; nínú ènìyàn, EP4 ni. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn kan ti ń wá oògùn tí yóò bá ilẹ̀kùn ẹranko mu. Bí a bá rí èyí tí yóò kan EP4 nìkan láìda EP3 láàmú, ìyẹn ni yóò wúlò.

Ọ̀nà kejì ni láti dí ilẹ̀kùn mọ́ leukotriene. Montelukast, tí ó wọ ọjà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1998, ń ṣe èyí. Kì í ṣe oògùn pàjáwìrì, dókítà sì gbọ́dọ̀ mójú tó ẹni tí ó ń lò ó, nítorí pé láti ọdún 2020 ni àjọ tí ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti pàṣẹ kí ìkìlọ̀ tí ó lágbára jù lọ nípa ìdàrú ọkàn wà lára páálí rẹ̀.

7. Ohun tí ó kan olùkọ́

Obianuju Ozoh, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2019 tí ó ká Nàìjíríà já. Ìdá 6.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n wádìí ni ó ní àmì ikọ́ fée. Wọ́n fojú bù ú pé yóò tó mílíọ̀nù 13 ènìyàn ní orílẹ̀-èdè yìí. Kíláàsì tí ó ní ọmọ 50 kò lè sábà ṣàìní ọ̀kan tàbí méjì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline tí ń kó Ventolin wọlé kéde pé òun fẹ́ kógbá wọlé ní Nàìjíríà. Ínhélà wọ́n lẹ́yìn náà, owó rẹ̀ sì fò sókè ju agbára ọ̀pọ̀ òbí lọ.

Fún ìdí èyí, ínhélà tí ọmọ bá ní kò gbọdọ̀ ṣòfò. Bí ọmọdé bá fọ́n ọn sẹ́nu lásán, púpọ̀ nínú oògùn náà ni yóò dúró sí ẹnu àti ọ̀fun. Heather Zar àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town fi hàn ní ọdún 1999 pé ìgò rọ́bà omi 50 cl tí a lu ní ìdí, tí a ki ẹnu ínhélà bọ ihò náà kí ó dì pinpin, tí ọmọ sì ń mí láti ẹnu ìgò, ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ tí ikọ́ fée gbé bí èyí tí wọ́n ń tà lówó gọbọi. Irú ìgò bẹ́ẹ̀ kún gọ́tà Èbúté-Mẹ́ta. Èyí tí ó mọ́ ni kí a wá. Ọmọ náà gan-an ni kí ó mú ínhélà rẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe kí ọ̀gá ilé ìwé tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Kí ó jókòó gangan, kí a má tẹ́ ẹ sílẹ̀. Orógbó dára lẹ́nu àgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a ń wá ní irú àkókò yẹn. Bí ínhélà kò bá ràn án láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ilé ìwòsàn ni.

Ní ti asipirín, àwa àgbà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn jù, nítorí pé irú ikọ́ fée tí ó ń kọ asipirín kì í sábà bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Síbẹ̀, kí olùkọ́ má ṣe fún ọmọdé ní asipirín rárá, torí àrùn mìíràn tí ń ba ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Kí a sì kọ́kọ́ bi akẹgbẹ́ wa bóyá ó ní ikọ́ fée kí a tó na ohunkóhun sí i láti inú dúrọ́ọ̀ wa.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ti di olùkọ́ báyìí. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ epo àti àdín fún un, ó sì rẹ́rìn-ín. Páálí kékeré kan wà nínú báàgì rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínhélà, tí ó fi bírò pupa kọ orúkọ oògùn mẹ́ta sí: asipirín, ibuprofen, diclofenac. Lábẹ́ wọn ni ó kọ ọ́ sí pé, “Ẹ má fún mi.”